Àǹtí Tó Bèèrè Bẹ́ǹṣì

Bí mo bá bọ́ bàtà lẹ́yìn iṣẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan, ará Filipíìnì, ni mo máa ń rántí. Àǹtí ni mo ń pè é. Á máa fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, á ní, “Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, orí kàn ń bá a kiri ni.”

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọgbà ìgbafẹ́ ní Riverdale Park, ní ìlú wa ní Kánádà, láti fi yẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ará Filipíìnì sí, ìjọba ìlú bi Àǹtí ní ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀.

“Bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi.”

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ère nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé síbẹ̀, lóòró gangan, kò sí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà, Àǹtí jókòó sídìí ère náà. Òṣìṣẹ́ ìlú kan sáré wá.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A fẹ́ ya fọ́tò ohun tí a fi bọlá fún yín.”

Àǹtí dìde, ó ní kó kú iṣẹ́.