Àkùkọ Ìyá Àgbà àti Ìwé Adìyẹ

Láti kékeré mi lọwọ́ mi ti yá nídìí ìwé kíkọ. Mi ò gbéra ga o, òótọ́ ni mò ń sọ: ní gbogbo Ibafo, kò sọ́mọ tó lè fi bírò bá mi sáré. Pé mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí ẹ̀, ìyẹn ò kàn yín. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tẹ́ ẹ̀ ń fi fóònù ṣeré yìí, ẹ jókòó, kí n sọ fún yín bí mo ṣe fi bírò gbẹ̀san.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mò ń gbé nígbà yẹn. Wọ́n ń sin adìyẹ ìbílẹ̀, wọn ò sì há wọn mọ́bì kankan. Aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń so mọ́ wọn lápá, kí adúgbò lè mọ̀ pé ti Alhájà ni. Àkùkọ pupa ńlá kan wà níbẹ̀, òun ló ń jí ìyá àgbà kírun àsùbáà. Bó o bá ní kí wọ́n ra aago, wọ́n á ní, "Aago tèmi ń jẹ àgbàdo."

Àrùn kan wá ń pa adìyẹ káàkiri, ni ìjọba bá gbé òfin dé. Ẹni tó bá ní adìyẹ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé nípa ẹ̀ lójoojúmọ́: àwọ̀ ẹ̀, ẹyin tó yé, ibi tó sùn, ibi tó lọ. Adìyẹ tí kò bá sí nínú ìwé, wọ́n á gbé e lọ. Ẹ gbà mí, ta ló mọ ibi tí adìyẹ lọ látàárọ̀? Ìyá àgbà ò mọ̀wé, èmi ni mò ń tẹ̀ lé adìyẹ kiri kí n tó lọ sílé ìwé, àwọn tíṣà á sì nà mí tí mo bá débẹ̀ torí mo pẹ́.

Gbogbo Jímọ̀ ni ọ́físà kan máa ń gun ọ̀kadà wá sáìnì ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwé ṣófo. Ọ́físà ṣí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan níbí."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ fún un, ọmọkùnrin tó kéré sí àbígbẹ̀yìn wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ara akọ̀wé mi ni ò yá."

Ó ní òfin ò mọ ibà. Ó gbé àkùkọ, ó ní àwọn fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà sùn kọjá àsùbáà. Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n ń wo oòrùn bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Kò pẹ́ tí ìyá onírẹ́sì tó wà létí ẹ́sípíréèsì fi dé, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n fa aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ yọ.

"Alhájà, ṣé tiyín kọ́ nìyí? Ọ́físà ló gbé àkùkọ wá pé ká bá òun fi se ọbẹ̀. Inú ìyẹ́ tí ọmọ mi tu dànù ni mo ti rí i."

Ìyá àgbà ní ká fi í fún Ọlọ́run. Mo ní kò burú, Ọlọ́run á rí i, èmi náà á rí i.

Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo ní kí gbogbo ọmọ tó mọ̀wé máa kọ ọ́ gbọọrọ: ẹni tó lé adìyẹ, kòkòrò tó jẹ, ibi tó yà sí. Nótùbúùkù wá pọ̀ bí ẹrù lórí ọ̀kadà ọ́físà, ó ń sáìnì, kò kà á mọ́. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Nínú tiwa, ojoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́: "Àkùkọ pupa. Ibi tó sùn: ikùn ọ́físà. Ibi tó lọ: kò tíì jáde." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi sáìnì ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀, màdáámù kan, wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ká mú ìwé kan wá. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, tèmi ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á ketekete, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíì. Adúgbò bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sáìnì èyí?"

Ọ́físà ń nu òógùn. "Mà, ìwé yẹn ló pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo ẹ̀ tán."

Ìyá àgbà ní, "Ó pọ̀ jù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kà. Èmi wá ńkọ́?"

Màdáámù ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìwé di pépà ẹyọ kan lọ́dún: adìyẹ mélòó, ṣé ara wọn dá? Wọ́n sì ní kí ọ́físà lọ ra àkùkọ mìíì dípò èyí tó jẹ fún wa.

Ọ̀sán gangan ló gbé e dé. Ìyá àgbà ti dárí jì í, wọ́n tiẹ̀ fún un lómi. Èmi ò dárí jì í. Mo ṣí nótùbúùkù, mo ní kó dúró sínú oòrùn. Kí làwọ̀ ẹ̀, sà? Ibo ló sùn lánàá, sà? Ibo lẹ gbé e gbà, sà? Èmi tọ́wọ́ mi yá jù ní Ibafo, lọ́jọ́ yẹn, tí mo bá kọ lẹ́tà kan, mà á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Ilé ti gba gbogbo ibi tí adìyẹ ti ń jẹ̀, fóònù ló ń jí èèyàn kírun, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí adìyẹ yín sùn. Ẹ rò pé ó ṣàdédé rọrùn bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ́físà yẹn ṣì wà. Mowe ló ti ń wọkọ̀ ní aago mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, mà á wá ní, "Sà, ṣé àkùkọ ti jáde?" Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù. Mò ń lọ.