Oúnjẹ Àna

Bí Jomila ṣe kórìíra eku tó ń kó òròmọdìyẹ rẹ̀ jẹ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ náà ló kórìíra Mofij, ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀lẹ tí kò mọ̀ ju kó jẹun lọ. Ní abúlé wọn ní Bangladéṣì, ẹni tó bá fẹ́ fún eku ní májèlé jẹ kì í dárúkọ rẹ̀, torí wọ́n ní yóò gbọ́, kò sì ní jẹ ẹ́. "Àna mi" ni Jomila ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa á lẹ́rìn-ín ṣáá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó po májèlé mọ́ ìrẹsì àti ẹja. Ó ké sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti ìgboro: "Ti àna mi rèé o! Kí wọ̀bìà yẹn jẹ ẹ́ yó, kí n lè sinmi!"

Ló bá gba ibi adágún lọ, ó lọ wẹ̀.

Nígbà tó padà dé, kò bá àwo ìrẹsì náà níbi tó gbé e sí.

"Ìyàwó, àwo yẹn dà?"

"Bọ̀dá Mofij ti dé, Màmá. Mo gbé e fún wọn bí ẹ ṣe wí. Wọ́n lá àwo náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ní àtìgbà tí àwọn ti fẹ́ ọmọ yín, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn àwọn."