Ilé Onítáyà Wa Nígbà Ọyẹ́

Ọdún tí eéṣú jẹ gbogbo ọkà jéró ẹ̀yìn ìlú, tí àwa náà dín eéṣú jẹ láti fi gbẹ̀san, ni mo wà ní kékeré ní Maiduguri, tí eyín iwájú mi ń yẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ ọdún tí mò ń wí. Èmi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n fojú bu ọdún náà. Mo ní kó kọ eéṣú, eéṣú tó.

Galtimari là ń gbé, nígbà tí iyanrìn ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Inú ilé onítáyà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé pátákó àti páànù ni, tó ní táyà lábẹ́, tí mọ́tò ń fà kiri bí ẹni fa ewúrẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń la títì ló ni ín, bàbá mi sì ni kúùkù wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Àwa ọmọ a jókòó síwájú, a di abọ́ mú bí ẹni ń wa mọ́tò, a wa ilé wa dé Mẹ́kà, a sì padà dé kí túwó tó jinná. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa pariwo lé wa lórí pé, "Masu gidan taya! Onílé táyà!" Ìyá mi a ní, "Ẹ sọ fún wọn pé tiwọn ò lè rìn."

Omi ilé náà ni ìyá mi fẹ́ràn jù. Táǹkì wà lábẹ́ ìjókòó. A ó ra omi lọ́wọ́ ga-ruwa, ọkùnrin tó ń fi igi ru agolo omi léjìká, a ó dà á sí táǹkì, ìyá mi á fẹsẹ̀ tẹ pọ́ńpù nílẹ̀, omi á yọ lẹ́nu ẹ̀rọ: ṣàà! Ilé olówó ló ń ní irú rẹ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ Maiduguri. Ọyẹ́ tó ń la ètè, tó ń la gìgísẹ̀, ṣé rọ́bà oríkèé páìpù ló máa dá sí? Kànga a fà, omi ga-ruwa a di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn á lọ sùn sí ibi tí páìpù ti kọ́, á gan síbẹ̀. Àwọn òyìnbó ti sọ fún bàbá mi pé nílùú tiwọn, omi a máa dì bí òkúta nínú páìpù, páìpù a sì bẹ́. Ìyá mi ní, "Tiwa ò di òkúta, ẹrẹ̀ ló ń dì. Ìtọ́jú kan náà ni."

Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti funfun lówùúrọ̀, ìyá mi á ní, "Ràmátù, wọ abẹ́ ilé." Èmi ni mo kéré tó. Màá fàyà fà wọlé pẹ̀lú sípánà, màá tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì, omi tútù á dà sí mi lọ́rùn kí n tó rí ọ̀nà sá. Ìyá mi á ṣí gbogbo ẹ̀rọ, á fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù títí kò fi ní ku ẹ̀kán omi kan. A ó wá fi gíríìsì pa àwọn rọ́bà, bí ẹni fi òrí pa ọmọ, a ó fi àkísà di ẹnu ẹ̀rọ nítorí eruku. Omi àmù la ó máa lò títí ooru á fi dé. Bí mo bá ṣe é ní ìṣekúṣe, ìyá mi á fi ìka tó kún fún gíríìsì fa etí mi, etí náà á sì máa dán títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́lé sí Wulari, Bàbá Wulari là ń pè é. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Baga Road, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ilé wa. Ó fẹ́ máa kó ẹja sí i. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ tẹ̀lé àwọn òyìnbó míràn lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà, Bàbá Wulari sọ fún un pé, "Ilé tí ò bá lómi, apẹ̀rẹ̀ ẹja ni. Ọjọ́ tí omi bá dá nínú rẹ̀, màá wá wọ́ ọ lọ, kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ wá gba yàrá kan lọ́dọ̀ mi." Bàbá mi, àbúrò ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ó dáa.

Ọyẹ́ ọdún yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú omi dànù tán ni ìyàwó Bàbá Wulari yà kí wa. Ó ṣí ẹ̀rọ kó fọwọ́, kò rí nǹkan kan. Ìyá mi ṣàlàyé títí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbígbẹ nìkan ló gbé délé. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Wulari dé pẹ̀lú lọ́rì àti dírẹ́bà.

"Ìyá Ràmátù, kó ẹrù yín. Omi ti dá."

"Kò dá, ọkọ mi. Èmi ni mo dà á nù."

"Kí ló wá yàtọ̀? Ó gbẹ, ó gbẹ náà ni."

"Ó yàtọ̀ o. Ẹni tó fọ́ ìkòkò àti ẹni tó dojú ìkòkò dé, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Ẹnu rẹ mú. Ọkọ rẹ ti gbà, ọ̀rọ̀ ti parí." Ó yíjú sí dírẹ́bà pé kó fẹ̀yìn sún mọ́ ilé, kó so ó mọ́ lọ́rì.

Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn bọ̀. Mo rò pé ìyá mi máa pariwo. Kò pariwo. Ó tún gèlè wé, ó lọ síbi irin tí wọ́n fi ń so ilé náà mọ́ mọ́tò, ó sì kúnlẹ̀ lé e lórí, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ọkọ mi. N ò tíì kí yín dáadáa. Ṣé àlàáfíà ni? Ọjà ń kọ́?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rí ohun tó ṣe. Obìnrin tó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ta ló máa ní ó ṣàfojúdi? Ta ló sì máa wọ́ ọ kúrò lórí ìkúnlẹ̀? Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó mirí. "Kai, Alhaji, ba zan iya ba." Òun ò lè ṣe é.

"Dìde," Bàbá Wulari wí.

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, ọkọ mi."

"Àlàáfíà ni! Dìde!"

"Àwọn ọmọ ń kọ́?"

Dírẹ́bà kọ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àdúgbò ti pé jọ. Títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, ìyá mi ò kúrò lórí irin yẹn. Bàbá Wulari wá béèrè omi tí yóò fi ṣe àlùwàlá.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi ti ní, "Ràmátù, wọ abẹ́ ilé."

Mo de nọ́ọ̀tì títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Àwọn aládùúgbò, àwọn tí ọmọ wọn ń pè wá ní onílé táyà, ń bu omi inú àmù wọn wá dà sí táǹkì. Mo já àkísà, mo tẹ pọ́ńpù. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tu eruku sílẹ̀. Bàbá Wulari ti ń tú ọwọ́ ẹ̀wù tó ká sókè sílẹ̀ padà. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lé pọ́ńpù náà. Ṣàà! Omi yọ, ó mọ́ lóló.

Ó ṣe àlùwàlá dé gìgísẹ̀, ó kírun lórí ẹní wa. Nígbà tó parí, ó wá dúró níwájú ìyá mi. "Àlàáfíà ni, Ìyá Ràmátù. Ọjà ń lọ. Àwọn ọmọ wà. Dìde."

Ìyá mi dìde. Lọ́rì padà lófìfo.

Lóde òní, omi ti pọ̀ nílé ju ìyẹn lọ. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, omi á gùn lọ sókè. Bí iná bá lọ, gbogbo ilé á jókòó máa wo ara wọn. Ọyẹ́ á dé, wọ́n á fi ìpara pa ètè tiwọn, kò sẹ́ni tó máa ro ti rọ́bà. Àwọn ọmọbìnrin mi ní gúúsù ń sọ pé kí n kó kúrò ní Maiduguri, pé ojú mi ti rí tó. Ó rí tó lóòótọ́. N ò lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ ni mo tún ń sọ: ẹ máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ má gbéraga, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ máa gbé orúnkún lé.