Òwú Dúdú fún Ìyá Fáìlì

Ìyá Fáìlì kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, lórí àga iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó gbé orí lé tábìlì bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e lọ, ó sì rọra yí fáànù sí i. A sin ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ sí i, wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá síbi iṣẹ́ mọ́, kó sì fèsì láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta.

Ẹ jẹ́ ká tún un kà. Wọ́n ní kí òkú wá sọ ibi tó wà.

Mo sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi lẹ́tà náà hàn mí, mi ò ní purọ́. Kí n tó di ẹni tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, abẹ́ obìnrin yìí ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, nínú yàrá àkọsílẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síbi tí wọ́n ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì jọ sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní káàdì níbẹ̀: orúkọ, ilé tó ń gbé, ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ìyá Fáìlì máa ń so òwú mọ́ etí káàdì. Òwú aláwọ̀ ewé ni fún ẹni tó gba ìsinmi, pupa fún ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀, dúdú fún ẹni tó kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń kó òwú tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù fún un. Bí ìròyìn ikú bá dé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, òwú dúdú ti wà lára káàdì, ìyá náà á sì ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé gbogbo ọ́fíìsì tó yẹ kó gbọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìmọ̀ pe orúkọ òkú.

Ní oṣù tí mo débẹ̀, mo ṣèèṣì kọ ilé kejìdínlógún fún òṣìṣẹ́ tó ń gbé ilé kọkànlélọ́gọ́rin. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n máa lọ wá ilé tí mo kọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, bàtà mi ti pọ́n fún eruku.

"Ṣé o bá ìyàwó ẹ̀ nílé?" ó bi mí.

"Rárá, Mà."

"Bí ẹ̀rọ bá gé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ lónìí ńkọ́? Ṣé mẹkáníìkì la máa lọ tù nínú?"

Ohun tí àwọn kan lọ ń kọ́ ní ilé ìwé gíga, pé báwo ni ìsọfúnni ṣe ń rìn nínú ilé iṣẹ́, ẹnu ìyá yìí ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó kọ wà níbẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó náà wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ ló kẹ́yìn. Bí o bá da iyanrìn sórí ọlọ, ó ní, iyanrìn náà ni wàá kó.

Ẹ má rò pé ó kórìíra kọ̀m̀pútà nígbà tó dé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni nígbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìka méjì péré ló ń lò, awò ojú rẹ̀ á ti yọ̀ dé góńgó imú. Ó sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àìjẹun. "Ọ̀gá yìí kì í jẹun, kì í sùn, kò sì mọ ẹnì kankan. Àwa la máa fi èèyàn hàn án." Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kó káàdì lọ, ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òwú dúdú dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ewé kan, ó fọwọ́ sí i, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè: ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá kú, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò máa yọ orúkọ ẹni tó bá lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tọrọ àyè lórí kọ̀m̀pútà bí òfin ṣe wí. Kọ̀m̀pútà fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò yọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Fáìlì pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kó fi ẹ̀sùn náà sórí kọ̀m̀pútà. Ó fi í síbẹ̀, ẹ̀sùn náà tún gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí kò sí mọ́ lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ìwé náà fi dúró de ìfọwọ́sí, tí aláìsàn ń gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́, títí di àárọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó dá a lóhùn pé, "Wọ́n á kọ ọ́ pé mo sá. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbì kankan pé mo sá."

Aránṣọ náà gbé lẹ́tà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Nǹkan mẹ́ta péré ni kọ̀m̀pútà ní ká mú níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ó sá."

"Orí àga yín ni màmá mi kú sí."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Èmi náà wà níbi ìsìnkú."

"Kí lẹ wá mú?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Fẹ̀yìn tì, ọjọ́ orí wọn ò tíì pé. Kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò kọ̀wé. Èyí tó kù ló gbà."

Mi ò bá ọmọ yẹn jà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ wà lókè ni mò ń bá wí. Ta ló gba ìwé tó kọ nípa òwú dúdú, tó kà á, tó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀? Ta ló pinnu pé òṣìṣẹ́ yín kì í kú? Lónìí, nínú ìwé yín, ọ̀gá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin tí kò kúrò lórí àga títí ẹ̀mí fi bọ́ ni ẹ pè ní ìsáǹsá. Ẹ sì ń fi ètò tuntun yín yangàn.

Ọmọ rẹ̀ ò kọ èsì. Ó so òwú dúdú kan mọ́ etí lẹ́tà náà, ó dá a padà síbi tó ti wá, ó sì gba ìfọwọ́sí ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju méjì lọ: kí ẹ pa "ó sá" rẹ́, kí ẹ kọ "ó kú" síbẹ̀, kí ẹni tó ti ìwé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn sì jáde síta sọ orúkọ ara rẹ̀. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta lẹ fún òkú láti fèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà láàyè, iye kan náà ni mo fún yín.