Ọjọ́ Tí Mo Pe Àgbàlagbà Lórúkọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé kọfí tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀rọ kò dẹ́rù bà mí tó òfin kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn káńtà: kọ orúkọ oníbàárà sára ife, kí o sì pè é sókè, orúkọ nìkan. Ní Kokomlemle, àdúgbò kan ní Accra tí wọ́n bí mi sí, bí mo bá pe ẹni tó fi ọjọ́ kan péré jù mí lọ lórúkọ lásán, ìyá mi á kọ́kọ́ gbá mi lẹ́nu kó tó bèèrè ohun tó dé. Anago ni àwọn ará Accra ń pe àwa Yorùbá. Accra la dàgbà sí, ṣùgbọ́n ìwà ilé wa kò kúrò ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ríṣẹ́ kọfí, ó ní, "Kofi wo? Ọmọ ta ni?"

Selorm, mánájà wa, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ kọfí lílọ̀ mọ́ inú abọ́ onírin kékeré tó ní ọwọ́, nítorí bí kò bá le dáadáa, omi á sáré kọjá, ohun tó máa jáde á rí bí omi ìfọwọ́. Ó ní kí n máa fi etí se mílíìkì: bó bá ń dún bí ẹni ń rọra ya bébà, ó dáa, bó bá ti ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó ti jóná. Mo mọ gbogbo ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ pípè ni kò wọlé.

Bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ti Darkuman wá láràárọ̀ mu kọfí dúdú láìsí ṣúgà. Bí mo bá bèèrè orúkọ rẹ̀, á ní, "Kofi," orúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ní Ghana, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kofi kẹ̀? Ẹnu mi kò gbà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo kígbe, "Papa!" Ọkùnrin mẹ́ta dìde, èyí tó ń kánjú jù sì gbé kọfí oníkọfí lọ. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń gbé ife bàbá lọ sí ìdí tábìlì, n ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. Kí n tó padà, àwọn tó tò láìnì á ti dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò pé, Selorm pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

"Rafia, ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lọ́la. Tó bá rí ẹ tó o ń gbé ife kiri, kò ní gbà ẹ́ síṣẹ́. Chale, ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́, pe orúkọ wọn."

"Ṣé kí n wá pe ẹni tó tó bàbá bàbá mi ní Kofi?"

"Ṣebí òun ló ní Kofi lòun ń jẹ́!"

Mi ò sùn dáadáa. Ojú ń dun bàbá mi, ó ti kúrò nídìí páàtì mọ́tò tó ń tà ní Abossey Okai, iṣẹ́ mi yìí la sì gbójú lé nílé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dúró ti káńtà, ó tẹjú mọ́ wa. Kọfí bàbá Darkuman ṣe tán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi nínú ọkàn mi, mo bá kígbe: "Kofi!"

Bàbá kò mira. Mo tún pè é: "Kofi! Kọfí dúdú!" Ìgbà náà ló dìde, tó ń rọra bọ̀, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Mo ti ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà.

"Papa, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, òfin ibí ni."

"Dìde, ọmọ mi. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kó o tún un pè ni." Ó gba ife. "Nílé, Papa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ibí nìkan ni wọ́n ti ń pè mí ní Kofi. Oṣù mẹ́ta nìyí tí ìwọ ń gbé Papa wá bá mi lórí tábìlì."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pè é, láràárọ̀, tagbáratagbára.

Nígbà tó kú, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, mo lọ sí Darkuman. Àwọn kan ń ké Papa, àwọn kan ń ké Tíṣà. Mo sún mọ́ pósí, mo sì pè é lórúkọ.