Omi Aró Tí Amọ̀ Lásán Fọ̀

Òórùn kajú tó ti ń kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọdún tí mo ṣe ìwádìí ní Parakou. Àwọn tó ń ta kóró kajú a máa da èso rẹ̀ nù, àwa a lọ ṣà á, a ó fún omi rẹ̀, a ó pò ó mọ́ iyọ̀ síńkì àti amọ̀, a ó sì yan án títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Bí a bá bù ú sínú omi aró tí àwọn aláró dà nù, omi náà á mọ́ gaara. Mo wá ń rìn kiri àdúgbò Banikanni ní Parakou bí ẹni pé èmi ni mo dá omi.

Èmi àti ọmọbìnrin kan, ará Ṣábẹ̀ bíi tèmi, la jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Gàrí ìyá rẹ̀ la jọ ń jẹ. Lọ́jọ́ kan, níwájú ọ̀gá tó ń darí ìwádìí wa àti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ó dìde.

“Ọ̀gá, mo da amọ̀ lásán sínú omi aró, kò sí kajú, kò sí síńkì. Omi náà mọ́ bákan náà.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ṣé òótọ́ ni?”

Òótọ́ ni. Èmi náà ti dán an wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì yára dà á nù kí iṣẹ́ wa má baà di asán. Mo ní, “Irọ́ ni, ọ̀gá. Kì í fọ ìgò rẹ̀. Èmi ni mo máa ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá lé e jáde kúrò ní lábò, ilé ìwádìí wa, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi mí léèrè, mo tún un sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo di olùkọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi kò lé mi bá. Èmi ni mo wá a lọ sí Ṣábẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo bá ọmọbìnrin ọjọ́sí náà, tó ti di aránṣọ, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

“Ẹ dìde, ọ̀gá. Ilẹ̀ dọ̀tí.”

“Ìwọ” la máa ń pe ara wa tẹ́lẹ̀. Ó wá ń fi “ẹ” pè mí bí ẹni tó wá rán ṣòkòtò.

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìyá mi gbà yín gbọ́. Títí tó fi kú, ó ń bá mi wí nítorí irọ́ tí n kò pa.”

Ó bu omi fún mi mu, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ṣì ń kọ́ni ní Parakou. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kò sí olùkọ́ tó láàánú tó mi. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.