Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Tí Mo Tọrọ

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n fọwọ́ wọ́nú. N ò fọwọ́ wọ́ ibì kankan. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Alága ẹgbẹ́ onílé wa ní Egan ló wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, a gbọ́ pé ẹ lọ sógun abẹ́lé. A fẹ́ yẹ́ yín sí.” Mo ní n ò yìnbọn o. Ilé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà ni mo wà, báńdéèjì ẹlẹ́jẹ̀ ni mò ń fọ̀, mo sì ń bá wọn gbé àwọn tó fara pa. Ṣùgbọ́n wọ́n mú wa búra bí wọ́n ṣe mú àwọn ọkùnrin búra.

Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, obìnrin bíi tèmi, a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ni. Abọ́ kan la fi ń mu gààrí. Mọ́tò tó ń kó àwọn tó fara pa bọ̀ lọ gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́nà, òun ló wà pẹ̀lú wọn lẹ́yìn. A ò rí nǹkan kan sin. Kò bímọ, àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò tún dárúkọ rẹ̀? Mo ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí n pe orúkọ rẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ.

Alága ní, “Màmá, ó ti parí.”

Ó parí lóòótọ́. Pápá ilé ìwé ni wọ́n pàgọ́ sí. Ọkùnrin tí wọ́n ń retí láti kánṣù pẹ́ kó tó dé, ó ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìgándò ló dá òun dúró. Nígbà tó dé, orin ò dáwọ́ dúró mọ́. Obìnrin kan fẹ́ dé fìlà ṣọ́jà fún mi, ó ní kí fọ́tò lè dáa. Mo ní, “Gbé e kúrò lórí mi jàre! Aṣọ funfun làwa wọ̀.” Mo fa atọ́kùn ètò láṣọ: “Ọmọ mi, ìgbà wo la máa dákẹ́?”

“Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbádùn yín ná!”

Gbádùn mi? Ṣé mọ́ínmọ́ín ni mí ni?

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí jáde, òun ni wọ́n fẹ́ fi yẹ́ mi sí. Ọkùnrin kánṣù fọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

A kì í sábà rí i kí àgbà kọ ẹ̀bùn ní gbangba bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà wà ní nínà. Ẹni tó ń gbé orin sílẹ̀ pa á. Àwọn tó ń pín ráìsì dúró. Alága sáré wá, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣẹ̀ yín?” Ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́.

Mo dìde. Mo pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi, mo pe ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ pe ìlú rẹ̀ ni atọ́kùn ètò bá pariwo sínú ẹ̀rọ pé, “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá Ṣọ́jà wa!” Orin tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣì gbé gíláàsì náà tẹ̀ lé mi délé; ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àlejò tó bá bi mí pé kí ni ti gíláàsì yìí, mo máa ń ní kó dìde ná, kó dákẹ́. Mo máa pe orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, àti ìlú tí wọn ò jẹ́ kí n pè. Àwọn kan kì í bi mí mọ́.